Ẹ̀jẹ̀ Ríru Kò Wo Ọjọ́ Orí: Ohun tí Àga Ọ́fíìsì, Àìsùn àti Màgí ń Fi Ara Wa Ṣe

 

Ọ̀rọ̀ ìlera àwa tí a ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ló délẹ̀ lónìí. Ẹ dákun, ẹ má tíì sá. Mi ò wá sọ fún yín pé kí ẹ máa mu omi, kí ẹ máa jẹ èso, kí ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ní jíìmù. Ẹ ti gbọ́ ìyẹn títí ó fi sú yín. Ohun kan ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò dáadáa: nínú gbogbo ohun tí iṣẹ́ ìjókòó ń fi ara ṣe, èyí tó ń pariwo kọ́ ló léwu jù. Ìbàdí tó ń dunni ń pariwo. Ojú tó ń tani ń pariwo. Ọrùn tó gan ń pariwo, a ó sì wá Robb fi ra á. Ẹ̀jẹ̀ ríru ní tirẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Ó lè wà lára ọmọ ọdún 28 fún ọdún márùn-ún kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Jíjókòó pẹ́, àìsùn, oúnjẹ à-rà-jẹ, àwọn nǹkan tó ń dà wá láàmú lójoojúmọ́ yìí, òun náà ni wọ́n ń bọ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ nínú ọkàn wọn: "Ẹ̀jẹ̀ ríru kẹ̀? Àìsàn Dádì mi nìyẹn." Lóòótọ́, ó máa ń pọ̀ sí i bí ọjọ́ orí bá ṣe ń lọ sókè. Ṣùgbọ́n kì í dúró kí èèyàn pé ọgọ́ta ọdún kó tó kànlẹ̀kùn. Tí Dádì tàbí Mọ́mì yín bá sì ní in, ìdí nìyẹn gan-an tó fi yẹ kí ẹ̀yin tètè mọ ìwọ̀n tiyín, torí ó máa ń rìn nínú ìdílé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé tí à ń gbé l'Ékòó ló ní ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú ilẹ̀ lọ sínú táǹkì lókè. Tí ẹ̀rọ yẹn bá ń ti omi pẹ̀lú agbára tó ju èyí tí páìpù lè gbà lọ, páìpù ò ní bẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Yóò máa fara dà á. Yóò máa jò díẹ̀díẹ̀ ní oríkèé, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ yóò máa gbóná, títí di ọjọ́ tí ẹ máa jí tí kò ní sí omi nínú ilé. Ọkàn wa ni ẹ̀rọ yẹn, iṣan ẹ̀jẹ̀ ni páìpù. Nígbà tí ọkàn bá fún ara rẹ̀ pọ̀ láti ti ẹ̀jẹ̀ jáde, agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan ni nọ́ńbà òkè. Nígbà tí ọkàn bá sinmi díẹ̀ kó tó tún fún ara rẹ̀ pọ̀, agbára tó ṣẹ́kù nínú iṣan ni nọ́ńbà ìsàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi máa ń kọ méjì, bíi 120 lórí 80. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé tí nọ́ńbà òkè bá jẹ́ 140 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá jẹ́ 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n sì bá a bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ti dé. Àwọn dókítà ọkàn ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ fa ìlà tiwọn sí 130 lórí 80 láti ọdún 2017. Ẹ má jẹ́ kí ìyàtọ̀ yẹn dà yín láàmú. Ohun tó ń sọ fún wa ni pé ewu náà kì í ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ ní 140. Ńṣe ló ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ láti ìsàlẹ̀.

Àwọn páìpù tó tín-ín-rín jù ló máa ń kọ́kọ́ jìyà: ti inú ọpọlọ, ti ẹ̀yìn ojú, ti kíndìnrín. Tí ti ọpọlọ bá bẹ́ tàbí tó dí, rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Tí kíndìnrín bá bàjẹ́ tán, ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ló kù, iye tí wọ́n ń gbà fún un lórílẹ̀-èdè yìí, ẹ lọ bi ẹni tó ń san án. Ní gbogbo ìgbà tí èyí sì fi ń lọ lábẹ́lẹ̀, èèyàn lè máa jẹun, kó máa jó níbi ìgbéyàwó, kó máa kọ kóòdù. Orí fífọ́ kì í sábà sí níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lágbàáyé tí wọn ò mọ̀ pé àwọn ní in.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ń ṣiṣẹ́ dátà ní Yábàá. Ọmọ ọdún 31 ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í mutí, kì í mu sìgá. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ bímọ, ilé ìwòsàn ní kí àwọn ará ilé wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ yọjú, torí ó gbà pé ara òun ló le jù nínú gbogbo ilé. Wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀ kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀: 172 lórí 110. Wọ́n ní kó jókòó, kó sinmi, wọ́n tún un wọ̀n: 168. Nọ́ọ̀sì ò gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́; ìwé ló kọ fún un pé kó lọ rí dókítà. Ó ní ẹ̀rọ wọn ló bàjẹ́. Ó lọ síbòmíràn, ẹ̀rọ ibẹ̀ náà sọ ohun kan náà. Kò sí ibi kankan tó ń dùn ún o. Bí kì í bá ṣe ọmọ tó fẹ́ wáyé yẹn ni, kò bá má mọ̀ títí di òní. Mo sọ èyí torí àwọn tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń rò pé ọ̀rọ̀ àwọn alára ńlá ni.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra bàtà ìsáré, ẹ lọ wọn ìfúnpá yín. Ṣọ́ọ̀bù olóògùn púpọ̀ ló ní ẹ̀rọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n ṣe pàtàkì, torí mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sá gun àtẹ̀gùn dé, tó ń dáhùn fóònù lọ́wọ́, tí wọ́n sì di ìdè náà mọ́ ọn lápá láti orí aṣọ. Nọ́ńbà yẹn kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ má mu kọfí tàbí énájì ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n yín, ẹ kọ́kọ́ lọ tọ̀ ná, torí ìyẹn nìkan lè gbé nọ́ńbà sókè. Kí ẹ̀yìn yín fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́ nílẹ̀ láìgbé ọ̀kan lé èkejì, kí apá wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà, kí ẹnu sì dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín. Ẹ kọ méjèèjì sínú fóònù pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Tó bá ga, ẹ tún lọ wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ mìíràn kí ẹ tó máa sunkún, torí àyà tó ń já nítorí aṣọ funfun dókítà lè gbé e sókè. Àmọ́ tó bá ti tó 180 lórí 120, tí àyà sì ń dunni, tàbí èémí ń kúrú, tàbí ojú ń ṣú, tàbí apá kan ara ń kú, tàbí ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ká tún un wọ̀n lọ́la. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni.

Ó dáa, kí ló wá kan iṣẹ́ wa níbẹ̀? Ó kàn án gan-an. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé jọ gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi àwọn tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ wé àwọn tó ń ṣe 35 sí 40. Ewu rọpárọsẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ga jù lára àwọn àkọ́kọ́. Ewu pé kí àrùn iṣan ọkàn pa wọ́n fi ìdá 17 ga jù. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2016 nìkan, irú iṣẹ́ àṣepẹ́ bẹ́ẹ̀ gba ẹ̀mí èèyàn bí 745,000. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò tiwa. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ márùn-ún, wákàtí 45 nìyẹn. Ẹ fi ìpàdé alẹ́ pẹ̀lú oníbàárà tó wà ní California kún un. Ẹ fi "jọ̀ọ́, kàn bá mi yẹ eléyìí wò kíá" ti ọjọ́ Sátidé kún un. Ẹ ti ń kan 55 nìyẹn, a ò sì tíì ka ojú ọ̀nà. Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú tàbí Mowé tó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island, tó ń jáde ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí tó sì ń wọlé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, kò sí ilé-iṣẹ́ tó ń ka ìyẹn mọ́ wákàtí iṣẹ́ fún un. Ara rẹ̀ ní tirẹ̀ ń kà á.

Ìjókòó fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn, ó sì yẹ kí gbogbo ọmọ Èkó fẹ́ràn rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ dírẹ́bà àti kọ̀ndọ́kítọ̀ ni. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, dókítà kan tó ń jẹ́ Jerry Morris ní Lọ́ńdọ̀nù ń wá ohun tó ń mú kí àrùn ọkàn máa pọ̀ sí i. Ó wo àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì tó wà nílùú náà. Bọ́ọ̀sì kan náà ni dírẹ́bà àti kọ̀ndọ́kítọ̀ jọ wà nínú rẹ̀, èéfín kan náà ni wọ́n jọ ń fà símú. Ṣùgbọ́n dírẹ́bà jókòó ní bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún àsìkò iṣẹ́ rẹ̀, nígbà tí kọ̀ndọ́kítọ̀ ń gun àtẹ̀gùn sókè sódò láti gba owó, bí àtẹ̀gùn 500 sí 750 lójúmọ́. Nígbà tí Morris àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tẹ àbájáde wọn jáde nínú The Lancet ní 1953, ó hàn pé àrùn ọkàn kò pọ̀ lára kọ̀ndọ́kítọ̀ tó ti dírẹ́bà, àti pé èyí tó bá ṣe wọ́n kì í tètè pa wọ́n bó ṣe ń pa dírẹ́bà. Wọ́n tún wo àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́: àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà sàn ju àwọn tó jókòó sídìí tábìlì lọ.

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n lọ wo ìwọ̀n ìbàdí ṣòkòtò tí wọ́n rán fún àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì wọ̀nyí, wọ́n sì rí i pé ìbàdí àwọn dírẹ́bà tóbi ju ti kọ̀ndọ́kítọ̀ lọ, kódà láàárín àwọn ọ̀dọ́ wọn. Ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kí irú ẹni tó ń yan iṣẹ́ dírẹ́bà ti yàtọ̀ díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má jẹ́ ìjókòó nìkan ló dá gbogbo ìyàtọ̀ náà sílẹ̀. Wọn ò fi pamọ́; wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1956. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà wọ́n gbọ́. Àwọn ìwádìí tó ti wáyé láti ìgbà náà wá sì ṣì dorí kọ ibi tí wọ́n nawọ́ sí. Morris fúnra rẹ̀ kú ní 2009, ẹni ọdún 99.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le lóye. Ẹran itan àti ti ìdí ni ẹran tó tóbi jù lára wa. Tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mu bí ọkọ̀ ṣe ń fa epo. Tí ẹ bá jókòó lé wọn lórí láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti pa ẹ́ńjìnnì, ìrẹsì tí ẹ jẹ lọ́sàn-án ò sì rí ibi gbà. Ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ló tún ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè sọ́kàn. Ìdí nìyẹn tí bàtà fi máa ń há mọ́ àwọn kan lẹ́sẹ̀ tó bá di alẹ́. Ìwádìí kan láti Ọsirélíà ní 2012 rí i pé ìrìn ìṣẹ́jú méjì péré ní ogún ìṣẹ́jú sí ogún ìṣẹ́jú ń dín bí ṣúgà ṣe ń fò sókè lẹ́yìn oúnjẹ kù lára àwọn tó sanra, kódà kí ìrìn náà jẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́.

Mo mọ̀ pé ọ̀gá mìíràn wà tó jẹ́ pé tí ẹ bá dìde lẹ́ẹ̀mẹta láàárín wákàtí kan, yóò béèrè bóyá inú ń run yín. Ẹ wá ọgbọ́n sí i. Ẹ máa dìde dúró tí ẹ bá ń dáhùn fóònù. Ẹ pa ìgò omi ńlá orí tábìlì tì, kọ́ọ̀pù kékeré ni kí ẹ máa lò, kí omi tó tán máa lé yín dìde. Ẹ lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà ní àjà mìíràn. Ní 2020, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tún ìlànà wọn kọ, ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ní kí àgbàlagbà fi máa mira tó bẹ́ẹ̀ tí èémí á fi yára díẹ̀, wọ́n sì ti yọ ọ̀rọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà kúrò. Ìṣẹ́jú mẹ́ta níbí, mẹ́rin lọ́hùn-ún, gbogbo rẹ̀ ló wọ ìwé. Àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti Mile 2 sí Marina láti 2023 mọ ohun tí mò ń sọ: ọkọ̀ ojú irin kì í gbé èèyàn dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, ẹsẹ̀ ló ń bá a parí rẹ̀. Àwọn tí àyà mi ń já fún jù ni ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ láti ilé. Láti orí bẹ́ẹ̀dì dé orí àga, ìgbésẹ̀ mẹ́ta. Láti àga dé ibi tí fíríìjì wà, ìgbésẹ̀ mẹ́rin.

Oorun ló kàn. Tí a bá sùn, ìfúnpá máa ń lọ sílẹ̀ ní bí ìdá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Àsìkò yẹn ni páìpù wa fi ń sinmi. Ẹni tó bá sùn wákàtí mẹ́rin ti fi ìsinmi náà du ara rẹ̀, tó bá sì di àṣà, ìfúnpá ọ̀sán náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Wákàtí méje, ó kéré tán, ni àwọn onímọ̀ nípa oorun ní kí àgbàlagbà máa sùn. Mi ò ní tan yín: ẹni tó gbọ́dọ̀ jí ní aago mẹ́rin kí afárá tó dí, àfi kó sùn ní aago mẹ́sàn-án, ìyẹn ò sì rọrùn fún ẹni tó ní ọmọ nílé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bára wa sòótọ́, kì í ṣe ọmọ ló ń mú ọ̀pọ̀ wa jí di aago kan òru, fóònù ni. Nípa ti kọfí, ó máa ń tó bíi wákàtí márùn-ún kí ìdajì agbára rẹ̀ tó kúrò lára. Èyí tí ẹ mu ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ìdajì rẹ̀ ṣì ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀ yín ní aago mẹ́wàá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ṣíìfù òru nítorí àwọn ará Amẹ́ríkà, ẹ ta aṣọ tó nípọn sójú fèrèsé kí yàrá ṣókùnkùn lọ́sàn-án, kí ẹ sì sọ fún àwọn ará ilé pé ẹni tó ń sùn ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ọ̀rọ̀ híhanrun ńkọ́? Nílẹ̀ wa, tí èèyàn bá ń hanrun, a ní ó ń gbádùn oorun. Nígbà mìíràn, ọ̀fun rẹ̀ ló ń dí. Ó ń hanrun, ó dákẹ́ lójijì, èémí dúró, lẹ́yìn náà ó ta gìrì bí ẹni tí omi fẹ́ gbé, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ó lè ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láàárín wákàtí kan kí òun fúnra rẹ̀ má mọ̀. Gbogbo ìgbà tí èémí bá dúró bẹ́ẹ̀, ìfúnpá ń ga. Ẹni yẹn ló máa sùn wákàtí mẹ́jọ tí yóò tún máa tòògbé nínú ìpàdé aago mẹ́wàá. Ẹni tí ẹ jọ ń sùn ní yàrá ló lè sọ fún yín, ẹ má bá a jà tó bá sọ ọ́. Ẹ bá dókítà sọ ọ́.

Ẹ wá jẹ́ ká dé orí oúnjẹ, iyọ̀ nìkan sì ni mo fẹ́ mẹ́nu bà níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 iyọ̀ lójúmọ́, ìyẹn kò kún ṣíbí tíì kan. Iye tí aráyé ń jẹ, tí a bá pín in dọ́gba, lé ní gíráàmù 10. Èyí tí à ń fọwọ́ bù sí ọbẹ̀ nìkan kọ́. Ó wà nínú màgí, ó wà nínú búrẹ́dì, ó wà nínú yájì ṣúyà, ó wà nínú nóódù tí gbogbo wa ń pè ní Indomie, ilé-iṣẹ́ yòówù kó ṣe é. Inú ọ̀rá kékeré tó wà nínú rẹ̀ ni iyọ̀ nóódù pọ̀ sí jù; ẹni tó bá lo ìdajì ọ̀rá náà ti dín in kù púpọ̀. Tí ẹ bá ń dáná lópin ọ̀sẹ̀, irú, edé, ata, àlùbọ́sà àti atalẹ̀ lè ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ tí à ń bẹ màgí mẹ́rin sí. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní pòtásíọ̀mù, tó ń bá ara ti iyọ̀ jáde, àyàfi ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ní ìṣòro, kí ìyẹn kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀.

Ohun kan tí wọn kì í sábà sọ fún wa: oògùn tí à ń lò fún ìbàdí àti orí tí ọ́fíìsì fà lè gbé ìfúnpá sókè. Ibuprofen àti diclofenac wà lára wọn. Ẹni tó ń lò wọ́n lójoojúmọ́ láìsí àṣẹ dókítà ń fi ọwọ́ kan pa ìrora, ó ń fi èkejì na kíndìnrín. Àwọn mìíràn á ní jẹ̀díjẹ̀dí ló ń yọ àwọn lẹ́nu, wọ́n á máa ra agbo tí wọ́n rẹ sínú ọtí ní ìdí ọkọ̀. Ohun yòówù kí ewé inú rẹ̀ ṣe, ọtí inú rẹ̀ ọtí ni, ọtí sì ń gbé ìfúnpá ga.

Kí n sọ ti òfin díẹ̀. Abala 13 Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí òṣìṣẹ́ tó bá ń ṣe tó wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan. Ó dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tí òfin yẹn kan náà fún "òṣìṣẹ́" yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ alábòójútó àti ti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa sì lè bọ́ sábẹ́ ìyẹn. Nítorí náà, lẹ́tà tí ẹ fẹ́ fọwọ́ sí ni kí ẹ kà dáadáa: wákàtí mélòó, ìsinmi ọ̀sán mélòó, ìlera wo ni wọ́n ń sanwó rẹ̀. Owó oṣù nìkan kọ́ là ń dúnàádúrà lé lórí.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni èyí tí àwọn ọkùnrin máa ń fi ohùn kékeré bi mí: ṣé òótọ́ ni pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ń gba agbára ọkùnrin? Àwọn kan lára oògùn náà lè fa irú rẹ̀ fún àwọn kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn ò tọ́jú ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ibẹ̀ náà wà lára wọn, ìyẹn sì ń gba agbára náà fúnra rẹ̀. Oríṣiríṣi oògùn ló wà. Tí ọ̀kan ò bá bá yín lára mu, ẹ padà lọ sọ ọ́ fún dókítà kó pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má kàn dá a dúró. Ẹ má sì dá a dúró nítorí pé nọ́ńbà ti dára: oògùn náà ló mú un dára. Ọ̀rẹ́ mi ti Yábàá ń lo hóró kan láràárọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, 126 lórí 80 ló fi ránṣẹ́ sí mi.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ojú àti ojú kọ̀ǹpútà la ó gbé yẹ̀ wò. Ó dàbọ̀ ná.